Igi máńgòrò wó lé ilé lẹ́yìn ìjì: ṣé ìdí igi la ó kọ́kọ́ gé ni?

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Òjò oníjì tó rọ̀ lánàá gbé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé lé ilé bàbá wa lórí níbí ní Ọ̀fà. Igi náà hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Gbòǹgbò rẹ̀ dìde dúró bí ògiri, ihò ńlá sì ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìtí rẹ̀ gùn lé ògiri ẹ̀yìn, ẹ̀ka méjì sì ti gún paánù wọ yàrá kan. Búlọ́ọ̀kù 6 íǹṣì ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, paánù àtijọ́ ló wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa, a dúpẹ́. Wáyà iná tó ti ara òpó wọlé ti há sábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka náà.

Agégi méjì ló ti wá wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun á gé e nídìí, òun á fi tíńpà wọ́ ọ kúrò, kò ní ju wákàtí kan lọ. Ẹnì kejì ní díẹ̀díẹ̀ ni òun á máa gé e láti orí wá sí ìdí, ó ní odindi ọjọ́ kan ni, owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni àkọ́kọ́. Àwọn ará ilé ń sọ pé igi kan náà ni, kí ló dé tá a fi fẹ́ náwó tó tó yẹn. Òjò mìíràn sì ń ṣú. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?

---

Agégi Òmù-Àrán

Ẹ gbọ́ ti ẹnì kejì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ́ńjìnnì ìgégi kan ìdí igi yẹn nígbà tí orí rẹ̀ ṣì wà lórí ilé.

Igi tó bá fẹ̀yìn ti ilé, ohun méjì ló gbé e dúró: gbòǹgbò tó ṣì di ilẹ̀ mú lápá kan, àti ògiri. Tí ẹ bá gé ìdí rẹ̀, ẹ ti yọ ẹsẹ̀ kan lára ohun tó ní ẹsẹ̀ méjì. Gbogbo ìwúwo tó kù á bọ́ sọ́rùn ògiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìtí náà á yí, tàbí kó fò sókè lápá kan bí igi jańgirọ́fà táwọn ọmọdé ń gùn. Èyí tó wà lórí ògiri tẹ́lẹ̀ lè wá jókòó sórí líńtẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré tó dábùú òkè fèrèsé, kẹ́ ẹ tó wí, líńtẹ̀lì ti kán.

Ẹ jẹ́ ká fi àpò sìmẹ́ńtì wọ̀n ọ́n, torí gbogbo wa la ti gbé e rí. Igi tútù tí ojú ìtí rẹ̀ fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, mítà kan péré nínú rẹ̀ á wọn nǹkan bíi kílò 230 sí 280. Ìyẹn tó àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún. Mítà mẹ́fà irú ìtí bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí àpò 30, a ò tíì ka ẹ̀ka, bẹ́ẹ̀ la ò tíì ka ewé tí òjò ti rin gbingbin. Kò sí ògiri búlọ́ọ̀kù 6 íǹṣì tí wọ́n kọ́ láti gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ń gbà á báyìí nítorí pé ẹrù náà dúró jẹ́ẹ́. Ọjọ́ tó bá mì ni wàhálà.

Ọ̀rọ̀ gbòǹgbò tún wà níbẹ̀. Ìwúwo ìtí ló fà á dìde tó fi dúró bí ògiri. Tí wọ́n bá gé ìtí kúrò lára rẹ̀, gbòǹgbò náà lè padà sínú ihò rẹ̀ gbàì, bí ẹni ti ìdérí àpótí. Ẹni tó bá dúró sínú ihò yẹn ò ní ráyè sá. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ fi okùn yí ihò náà ká, kí ọmọdé má ṣe sún mọ́ ọn.

---

Onílẹ́tíríìkì Tankẹ

Kẹ́ ẹ tó máa jiyàn lórí ibi tẹ́ ẹ ó ti gé e, ọ̀rọ̀ wáyà yẹn ló ṣáájú. Mo rí i pé gbólóhùn kan péré ló gbà nínú ìbéèrè.

Wáyà tó bá ti kan igi tàbí ilẹ̀, ẹ kà á sí wáyà tó ní iná, ìbáà jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn. Ìdí méjì ni. Wọ́n lè mú iná dé nígbàkigbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìkejì ni pé aládùúgbò tó so jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ mọ́ ilé láìsí ṣéńjóòfà (ohun tó ń ya iná jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná òpó) tó péye ń ti iná padà sórí wáyà òpó láìmọ̀. Fọ́ọ̀tì 230 tó ń wọlé tó pa èèyàn, pàápàá lórí igi tútù, lẹ́yìn òjò, pẹ̀lú paánù lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ẹ pe IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, kí wọ́n wá já a láti orí òpó. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ àdúgbò kan gun òpó pẹ̀lú páláyà. Tó bá jẹ́ wáyà gíga ló já, ìyẹn ti fọ́ọ̀tì 11,000 tàbí 33,000, kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn tó mítà 10 ó kéré tán. Ẹni tó bá ti wà nítòsí kó máa wọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ pọ̀ jáde, kó má ṣe sáré, kó má sì gbẹ́sẹ̀ gbọọrọ, torí iná ń rìn nínú ilẹ̀, ó sì lè gba ẹsẹ̀ kan wọlé gba ìkejì jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sólà lórí òrùlé, pípa ínfátà ò ní kí pánẹ́ẹ̀lì sinmi. Tí oòrùn bá ti lè kàn án, iná ń bẹ lára wáyà rẹ̀. Ẹ fi tapólì dúdú bò ó kẹ́nikẹ́ni tó débẹ̀. Àkàbà onígi sì ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fi ti alumíníọ̀mù sílẹ̀.

---

Awakọ̀ tíńpà, Gáà Àkàńbí

Ẹ dákun, ẹ má dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù. Ọ̀nà tíńpà ni wọ́n ń lò káàkiri Ìlọrin lọ́dọọdún, láti oṣù kẹta tí ìjì bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ṣéènì so ìdí igi, ẹ fà á ní tààrà sẹ́yìn síbi tó ti wá, ó máa bọ́ kúrò. Owó ọjọ́ kan agégi kì í ṣe owó kékeré fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra paánù. Ẹ má sì gbàgbé pé bí igi bá ṣe ń pẹ́ lórí ilé ni ilé ń bà jẹ́ sí i.

---

Agégi Òmù-Àrán

Ọ̀gá awakọ̀, ibi tọ́rọ̀ yín ti jẹ́ òótọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú: igi tó kàn fẹ̀gbẹ́ kan etí òrùlé, tí kò gún paánù, tí ìtí rẹ̀ kéré, tí ògiri ò sì sán, ẹ lè fà á. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tẹ́ ẹ̀ ń rí tó bọ́ sí rere, irú rẹ̀ ni.

Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka méjì ti wọnú ilé. Ẹ̀ka tó gba ojú paánù wọlé dà bí ìwọ̀ ẹja: ó rọrùn láti wọlé, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fà á sẹ́yìn, ọwọ́ ẹ̀ka kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ á kọ́ igi àjà, á kọ́ pákó òrùlé, á sì wọ́ gbogbo rẹ̀ jáde pọ̀. Pákó òrùlé náà ni wọ́n fi de orí ògiri pọ̀. Tó bá ń bọ̀, orí ògiri ń tẹ̀ lé e. Ihò kan nínú paánù á wá di odindi ẹ̀gbẹ́ ilé. Tíńpà ò sì mọ̀ pé nǹkan ti há. Ẹsẹ̀ awakọ̀ wà lórí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ wà níwájú, ṣéènì tó bá já lábẹ́ ìfà bẹ́ẹ̀ ń fò padà bí ejò.

Gbígbé la máa ń gbé igi kúrò lórí ilé, a kì í wọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá lówó kéréènì, tí ọ̀nà sì gbà á dé ẹ̀yìnkùlé, ó dára púpọ̀. Tí kò bá sí, ẹ gé e wẹ́wẹ́ títí tí ọwọ́ èèyàn méjì á fi lè gbé èyí tó bá kù.

---

Ọmọ iṣẹ́, Sọ́ọ̀mìlì

Ọ̀gá, ẹ ṣàlàyé gígé rẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ẹ́ńjìnnì í mú lóko, níbi tí igi ti dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tórí ilé yìí ló ń há báà, irin gígùn tí ṣéènì ẹ́ńjìnnì ń yí lé, mọ́ wa lọ́wọ́.

---

Agégi Òmù-Àrán

Ìdí tí báà fi ń há ni pé gbogbo igi tó bá gbára lé nǹkan ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ń fún pọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ kan tó ń nà. Tẹ́ ẹ bá ti ẹ̀gbẹ́ tó ń fún pọ̀ wọlé tẹ́ ẹ sì jìn jù, ó máa pa ẹnu dé mọ́ báà. Tẹ́ ẹ bá sì kọ́kọ́ ti ẹ̀gbẹ́ tó ń nà wọlé, ó máa ya pẹ́rẹ́, á ta lójijì.

Torí náà ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀ka jókòó sí. Tí orí rẹ̀ bá wà lórí ògiri, tí ìdí rẹ̀ wà lórí nǹkan mìíràn, tí àárín rẹ̀ wà lófo bí afárá, òkè rẹ̀ ló ń fún pọ̀. Ẹ ti òkè gé e dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, ẹ dúró, kẹ́ ẹ wá ti ìsàlẹ̀ gé e pàdé. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ka náà kọjá ògiri, tí orí rẹ̀ ń rọ̀ sódìkejì láìkan nǹkan kan, ìsàlẹ̀ ló ń fún pọ̀. Ìsàlẹ̀ lẹ ó ti gé ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó bọ́ sókè. Ẹ̀ka tó bá tẹ̀ bí ọrun ọdẹ ló léwu jù nínú gbogbo wọn, kódà kó má nípọn ju apá èèyàn lọ. Ẹ má gé irú rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ máa fi ẹ́ńjìnnì họ inú ibi tó tẹ̀ náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ títí agbára rẹ̀ á fi tán.

Báà tó bá há, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì, ìyẹn èèkàn ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, ya ẹnu igi náà, ẹ má fi agbára yí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ṣónṣó báà kan nǹkan tẹ́ ẹ ò rí, torí ibẹ̀ lẹ́ńjìnnì ti ń ta padà sójú èèyàn. Inú òrùlé kún fún ohun téèyàn ò rí: ìṣó 4 íǹṣì, paánù tó ká kò, wáyà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ṣéènì ẹ́ńjìnnì bá kan ìṣó, ó ti kú. Ẹ mú ṣéènì kejì dání, ẹ mú ayùn ọwọ́ náà dání fún ẹ̀ka tó wà láàárín pákó.

Ibi téèyàn dúró sí ńkọ́? Kì í ṣe orí òrùlé tó ti bà jẹ́, kì í sì í ṣe orí àkàbà. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ò sì gbọdọ̀ ga ju èjìká lọ. Ẹni tó wà lórí àkàbà ò lè ṣe méjèèjì. Ẹ kan sikáfóòdù tí kò gbára lé ilé náà, kó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe tò nìyí. Ewé àti ọwọ́ kéékèèké ló ṣáájú, àdá àti ayùn ọwọ́ la fi ń yọ wọ́n. Ohun téèyàn ò kà sí ni, àmọ́ ìwúwo tó ń lọ níbẹ̀ pọ̀, ojú á sì wá là láti rí ẹ̀ka tó gbé ẹrù àti èyí tí kò gbé nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ka tó kọjá ilé tó ń rọ̀ lófo. Lẹ́yìn náà, èyí tó dùbúlẹ̀ lórí paánù láìgún un. Àwọn tó gún òrùlé wọlé ló gbẹ̀yìn nínú ẹ̀ka, ìtí ló sì gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Lórí ilé, kí gígùn ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gé má ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Èyí tó bá nípọn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, mítà kan rẹ̀ ti ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ, okùn lẹ ó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ yí okùn náà mọ́ ìdí igi mìíràn tó dúró ṣinṣin lẹ́ẹ̀mẹta. Bí okùn ṣe ń ha ara igi yẹn ló ń gba ẹrù, ọwọ́ èèyàn kàn ń tú u díẹ̀díẹ̀ ni. Okùn nípọn tó mílímítà 16 dára. Okùn tírélà tó ti pẹ́ nínú oòrùn, tó ń hu irun funfun tó sì ń bù bí ẹfun, ẹ fi so ewúrẹ́.

Kí oje máńgòrò má kàn yín lójú o. Ó ń bó ara ẹlòmíràn bí ẹni fi omi gbígbóná sí i.

---

Káfíńtà Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin agégi ń sọ̀rọ̀ igi, ẹ jẹ́ n sọ ti òrùlé. Bí ìwúwo yẹn bá ń kúrò, pákó 2×4 (íǹṣì méjì sí mẹ́rin) tó ti tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ á fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Ìṣó á máa fò, síìlìn á máa já. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wà nínú ilé nígbà tí wọ́n bá ń gé e. Odindi ilé ni mo ń wí, kì í ṣe yàrá yẹn nìkan.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti òrùlé láti inú, ìyẹn tí bíríkìlà bá ti wo ògiri láti ìta tó ní ẹ lè wọlé. Jáàkì onírin tàbí igi líle 3×4 ni, kó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn. Ẹ fi pákó 2×12 tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sábẹ́ ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, torí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ilé wa fẹ́lẹ́, òpó lè lu ú wọlẹ̀. Ẹ fi pákó mìíràn sí orí òpó kó lè gbá pákó òrùlé méjì-mẹ́ta mú. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọ́n á máa yí jáàkì sókè kí òrùlé lè nà padà. Rárá o. Kó kàn án, kó gbà á, ó tó. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókè, ẹ ń ti ẹ̀ka náà ni, ẹ̀ka náà á sì wá ti ògiri.

Síìlìn àtijọ́ tàbí òrùlé tó bá jẹ́ ásíbẹ́sítọ́sì, ẹ má fi ẹ́ńjìnnì kàn án, ẹ má sì gbá èérún rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bo imú, ẹ kó o sínú àpò, ẹ di ẹnu àpò náà. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kì í sì í tètè hàn.

Pákó tó bá sán láìtíì kán, ẹ lè fi 2×4 gbè é lẹ́sẹ̀ lápá méjèèjì, kó kọjá ojú ibi tó sán ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì níwájú àti lẹ́yìn. Ìṣó 4 íǹṣì ni, ẹ má tò ó sójú ìlà kan kó má baà là á. Èyí tó ti kán pátápátá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

---

Ọlọ́jà pákó, Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ n ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ síí wí pé agégi kan ní òun á gé e lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n ṣáà fún òun ní igi náà. Tó bá jẹ́ ìrókò, ọ̀gánwó, tíìkì tàbí mẹlaina, ẹ ronú dáadáa kẹ́ ẹ tó gbà. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni pákó lọ́jà wa. Ẹni tó fẹ́ pákó ń wá ìtí gígùn, kò fẹ́ gé e kéékèèké, torí èyí tó bá gé sí ẹsẹ̀ bàtà méjì ti di igi ìdáná. Ohun tó máa ṣe é lówó ni ohun tó máa wó ilé yín. Mi ò sọ pé ẹ má ta igi. Ẹ là á lójú ìlà: gbogbo ohun tó bá wà lókè ilé, kékeré la ó gé e. Ìtí tó bá wà lóde ògiri nìkan ló lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹ wádìí lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba pẹ̀lú kí ọkọ̀ tó gbé irú igi bẹ́ẹ̀ jáde.

Máńgòrò ní tiẹ̀, igi ìdáná àti èédú ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe, nítorí náà ìjà yẹn ò sí lórí tiyín.

---

Ará Pàkàtà

Tí igi bá ti ọgbà aládùúgbò wó wá ńkọ́? Níbí, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé oní-igi ni yóò sanwó.

---

Agégi Òmù-Àrán

Wọ́n ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìjì kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ aládùúgbò. Ibi tó ti lè di ẹ̀bi rẹ̀ ni pé igi náà ti jẹrà tàbí ti fì sílẹ̀, wọ́n ti kìlọ̀ fún un, kò sì ṣe nǹkan kan. Torí náà, ẹ ya fọ́tò ojú ibi tí igi ti dá kí wọ́n tó gé e. Bí inú rẹ̀ bá ti dúdú tó ti rà, fọ́tò á sọ ọ́. Bó bá funfun tó sì tutù, a jẹ́ pé igi alààyè ni ìjì wó. Kí ẹ sì jẹ́ kí mágàjí tàbí báálẹ̀ mọ̀ sí i kó tó di ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá. Ó sábà máa ń parí sí pé oní-igi á san ti agégi, onílé á tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Tó bá jẹ́ ìrókò tàbí àràbà tó ti wà kí wọ́n tó kọ́ àdúgbò ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà agboolé kẹ́ ẹ tó gbé ẹ́ńjìnnì débẹ̀. Nílẹ̀ Ìgbómìnà, igi míì ní ẹni tó ń bọ ọ́, kò sì ṣòro láti béèrè.

---

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n ti wá já wáyà lórí òpó láàárọ̀ yìí. Àmọ́ àwọn ará ilé ti fẹ́ da tapólì bo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú igi lórí kí òjò má baà wọlé mọ́. Ògiri ẹ̀yìn sì sán láti igun fèrèsé lọ sókè ní ìdábùú, ìka ọmọdé fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́ lókè. Ìtí náà fẹ̀ tó 55 sẹ̀ǹtímítà.

---

Bíríkìlà Àdéta

Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà kọjá ojú ibi tó sán náà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ àkókò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìta lẹ ó ti ṣe é, lápá tí igi ò sí. Tí ìlà náà bá ti yà sọ́tọ̀ ní wákàtí díẹ̀ sí i, ògiri ṣì ń rìn, kí ẹnikẹ́ni má wọlé lọ ti òrùlé. Ẹ so irin wíwúwo mọ́ okùn láti òkè wálẹ̀ kẹ́ ẹ wo bí ògiri ṣe fì sí. Ní tèmi, ògiri 6 íǹṣì tó bá ti fi íǹṣì kan fì, wíwó ni n óò wó o, n óò tún un kọ́ láti líńtẹ̀lì lọ sókè ó kéré tán. Èyí tó fẹ̀ tó ìka ọmọdé kì í ṣe ohun téèyàn ń fi sìmẹ́ńtì dí kó sì lọ sùn.

Ẹ̀yin tí ilé yín jẹ́ alámọ̀, irú tó pọ̀ níbí ní Àdéta àti ní Pàkàtà, tiyín yàtọ̀. Ògiri amọ̀ kì í sábà wó lọ́jọ́ tí igi bọ́ lé e. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló ń wó, nígbà tí omi tó gba ojú òrùlé wọlé bá ti mu ún yó dé ìsàlẹ̀. Ẹ mú ìṣó 3 íǹṣì, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri. Tó bá wọlé láìjẹ́ pé ẹ lù ú, ògiri náà ti rọ̀, ẹ kó jáde. Ẹ má fi ẹnu igi ṣóńṣó tì í, á gún un ni. Pákó 2×12 lẹ ó kọ́kọ́ fi lé e lára kẹ́ ẹ tó fi igi tì í. Ẹ má sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ amọ̀ tútù, omi inú rẹ̀ ò ní rí ọ̀nà jáde.

---

Káfíńtà Àjàṣẹ́

Lórí ọ̀rọ̀ tapólì: ẹ má bò ó mọ́ igi. Ẹ̀ka á gbé tapólì sókè níbìkan, á rì níbòmíràn, omi á sì dúró síbẹ̀. Tapólì tó jẹ́ mítà 4 sí 4, tí omi ibẹ̀ bá jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré, kílò 800 ló ti gbà. Àpò sìmẹ́ńtì 16 nìyẹn, lórí òrùlé tó ti kán tẹ́lẹ̀.

Tí òjò bá máa rọ̀ kí agégi tó dé, ẹ kó ẹrù jáde, ẹ jẹ́ kó rọ̀. Ilẹ̀ilé á gbẹ. Lọ́jọ́ tí igi bá kúrò ni kẹ́ ẹ na tapólì, kó kọjá ṣóńṣó òrùlé sódìkejì kí omi lè ṣàn. Ẹ ká etí rẹ̀ mọ́ pákó 2×2, kẹ́ ẹ kan pákó yẹn mọ́ igi òrùlé tó ṣì le. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń kó lé e lórí kò dára. Ìjì tó bá tún dé, búlọ́ọ̀kù náà ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

---

Agégi Òmù-Àrán

Pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, mítà kan ìtí yín jẹ́ bíi kílò 190 sí 240. Ẹ sọ fún agégi yẹn pé ògiri ti sán, kó lè mọ̀ pé kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ jábọ́ lu ilẹ̀ nítòsí ògiri náà, kódà èyí tó bá wúwo bíi géńdé kan. Kí wọ́n tó kan ìtí, kí wọ́n gbé òpó onígi méjì tó gbára lé pákó fífẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ní ìta ògiri, ọ̀kan ní mítà kan sí ògiri, ìkejì sún mọ́ gbòǹgbò. Kí wọ́n fi wẹ́ẹ̀jì há a títí tó fi kàn án gírígírí. Ìgbà náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ síí gé ìtí láti orí, ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì, wọ́n á sì máa sún sẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ gbòǹgbò. Bí ó bá ku mítà méjì lára gbòǹgbò, kí wọ́n dúró.

Mítà méjì yẹn ló ń di gbòǹgbò náà mú kó má padà sínú ihò ní òjijì. Kí wọ́n fi okùn so orí gbòǹgbò mọ́ igi mìíràn, kí gbogbo èèyàn kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́nì kan ṣoṣo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kó gé e. Tó bá padà, ó padà. Tí kò bá padà, wọ́n á gbẹ́ ẹ tu.

Lórí ihò: ẹ má da ewé àti ẹ̀ka sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Tó bá jẹrà, ilẹ̀ á rì, fáńdéṣọ̀n ilé sì wà nítòsí. Ilẹ̀ pupa ni kẹ́ ẹ lò, ẹ da á ní ìpele tí kò nípọn ju íǹṣì 8 lọ, kẹ́ ẹ gún ìpele kọ̀ọ̀kan dáadáa kẹ́ ẹ tó da òmíràn lé e.

---

Ọmọ Ọ̀fà

A ti bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ló ń bọ̀. Ìlà lẹ́ẹ̀dì tá a fà ní aago mẹ́wàá ò tíì yà. Gbogbo ẹrù ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa lódìkejì ọ̀nà, a sì ti fi okùn àti ẹ̀gún yí ihò náà ká.

---

Agégi Òmù-Àrán

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá dé, kí ẹ jọ yí igi náà ká lẹ́ẹ̀kan kó tó ta ẹ́ńjìnnì, kó fi ẹfun sàmì sí ẹ̀ka tó gbé ẹrù. Bí ilé oyin bá wà nínú ìtí, ìgbà yẹn lẹ ó gbọ́ ọ.